Àmánà Tó Ń Gbó

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró omi tó ń jáde lẹ́nu bútà àlùwàlá, ajá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi tó bá gbọ́ èyí lè rò pé orí mi ti ń dàrú, torí pé ibi tí omi àlùwàlá bá wà, a kì í fẹ́ kí ajá débẹ̀. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Zongo, nílùú Parakou, ló fà á, ẹni tó bá sì mọ ìyá àgbà á mọ̀ pé òun gan-an ni ẹni ìkẹyìn tí a lè sọ pé ajá yóò jẹ gàba lé lọ́kàn.

Ilé wàgáṣì ni ilé wa. Wàgáṣì ni à ń pe wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ti sè títí tó fi dì, tó ṣeé gé bí ẹran. Funfun ni àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé e wá láti gáà wọn, ìyá àgbà á wá fi ewé ọkà pupa sè é kí ó lè pọ́n, kí ó má sì tètè bàjẹ́. Nítorí iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n láti ọdún dé ọdún bí ọwọ́ ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì fún. Ìmọ́tótó ló fi ń tà á. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn lè jẹun lórí ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni ìjọba sọ pé gbogbo wa ti di kámárádì. Kámárádì lórí rédíò, kámárádì lẹ́nu délégé, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò wa, àní olùtajà epo òyìnbó náà di kámárádì. Níléèwé, kí á tó jókòó, a ó kọ́kọ́ na ìkúùkù sókè, a ó sì kígbe pé a ti ṣetán fún ìyípadà. Ohùn mi ló máa ń ròkè jù nínú kíláàsì, mi ò sì mọ ohun tí a fẹ́ yí padà. Mo rò pé bóyá bẹ́ǹṣì wa ni, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

Yàrá iwájú ilé ni ìyá àgbà fún mẹ́tìrì kan láti máa gbé, bí à ń ṣe pe olùkọ́ iléèwé, ọmọ Ìdàáṣà, onígbàgbọ́, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí ó bá ń kí i, ìdọ̀bálẹ̀ tòótọ́ ni, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mẹ́tìrì yìí lọ ìsinmi sí ìlú rẹ̀ lọ́dún kan, ọmọ ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló gbé dé nínú àpò. Ó pè é ní Fọwọ́lẹ́rán, irú orúkọ tí àwọn àgbà máa ń sọ ajá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú wọn tí wọn ò fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ. Ó ní òun ti fọwọ́ lẹ́rán, òun ń wo ayé. Ìyá àgbà wo ajá, ó wo mẹ́tìrì, ó ní, "Ìwọ ni mo fún ní yàrá, mi ò fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin." Lẹ́yìn náà ó fi gìgísẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀, láti ìdí igi dóńgóyárò títí dé ara ògiri. Ó ní ajá kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ó ní òun ò lè máa retí mọláíkà lójoojúmọ́ kí wọ́n wá máa ti ẹnu ọ̀nà padà nítorí ajá ọmọ Ìdàáṣà.

Èmi náà bẹ̀rù ajá yìí bí ẹni ń bẹ̀rù ikú. Lásìkò ààwẹ̀, mo gbà pé bí èémí rẹ̀ bá lè kàn mí láṣọ, ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́ nìyẹn, n ó bá yí gbogbo àgbàlá po kí n tó dé ilé ìyàgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ààwẹ̀ tí mò ń ṣọ́ báyìí, kúlíkúlí tí mo ti jẹ lẹ́yìn ilé ti bà á jẹ́ láti àárọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá yí padà nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìrun àlàásárì ń bọ̀, ìyá àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀, bútà wà níwájú rẹ̀. Ó ti fọ ọwọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹnu tán ni, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin méjì tó sọ̀kalẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ yàrá mẹ́tìrì, a gbọ́ tí wọ́n ń da nǹkan rú, wọ́n sì mú un jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti sọ̀rọ̀ ìjọba níbi tí kò yẹ, ajá nìkan kọ́ ló fi sọ ọ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó yíjú padà, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ajá mi. Mo fi í lé yín lọ́wọ́." Ìyá àgbà dáhùn lójú ẹsẹ̀, bí ìyá ṣe ń dá ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò lóhùn, "Mo gbà á, ọmọ mi. Àmánà ni. Lọ ire, bọ̀ ire." Ọkọ̀ gbéra. Ajá sáré tẹ̀ lé e títí dé ojú títì, ó sì padà wá tòun ti ahọ́n níta, ó jókòó sídìí ìlà tí wọ́n fà fún un.

Ìyá àgbà jókòó síbẹ̀, omi ń kán lẹ́nu bútà. Ó bi mí pé, "Kí ni mo wí?"

Mo ní, "Ẹ ní àmánà ni, ìyá àgbà."

Ó ní, "Háà. Ẹyin lohùn."

Ẹni tí wọn ò bá tọ́ nírú ilé wa lè má mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà. Àmánà ni ohun tí ẹnì kan bá fi sí ọ lọ́wọ́ pé kí o bá òun tọ́jú. Ìwọ kọ́ lo ni ín, o kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bàjẹ́, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá dé, o gbọ́dọ̀ gbé e fún un bó ṣe wà. Ẹni tó bá jẹ àmánà, ìrun rẹ̀ kò ju eré ìdárayá lọ lójú ìyá àgbà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú mi dání, ó di ọ̀dọ̀ àlùfáà àdúgbò wa, bóyá ọ̀nà àbáyọ kan á wà.

Ó bi í pé, "Àlùfáà, ṣé ajá lè jẹ́ àmánà?"

Àlùfáà ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti gbà á ni?"

Ó ní, "Ẹnu mi ló gbà á. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀."

"Irú ẹnu wo lẹ fi gbà á?"

Ìyá àgbà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹnu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi àlùwàlá yọ."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní kí ó lọ tọ́jú ajá alájá, pé ajá tó ń ṣọ́ ilé kì í ṣe èèwọ̀, pé àwo tó bá fi ẹnu kàn ni kí ó máa fi omi àti erùpẹ̀ fọ̀ nígbà méje. Lẹ́yìn náà ó dín ohùn kù, ó ní, "Àwo ni kí ẹ máa fọ̀ o, ìyá. Ẹni tó fi ajá sílẹ̀ lọ, ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò lọ́kàn."

Nítorí pé ẹnu ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ ti jáde, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Ó wá àwo tánganran kan tó ti họ, ó fi í sí ẹ̀yìn ìlà. Ó máa ń nà tàntàn láti da oúnjẹ sí i, yóò sì fi igi gígùn kan ti àwo náà síwájú, ojú rẹ̀ á wà lápá ibòmíràn bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ń ṣe é. Síbẹ̀ àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ajá ti ń fi imú kan ìkòkò wàgáṣì. Obìnrin kan tó máa ń rà á fún gbogbo ìsọmọlórúkọ àdúgbò kò yà mọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Dípò kí ìyá àgbà lé ajá, ìkòkò ló lé. Ó gbé ìdáná rẹ̀ lọ sí àgbàlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Titirou, láràárọ̀ ni a sì ń ru igi àti ewé ọkà láti Zongo lọ síbẹ̀, nítorí ajá. Mo ráhùn títí. Mo ní ọrùn mi ń wọlé sínú èjìká. Ó ní kí n máa rìn, pé ọrùn tí kò bá ru ẹrù, ariwo nìkan ló mọ̀ ọ́n pa.

Délégé àdúgbò ló wá dán an wò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mẹ́tìrì, kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ ní Zongo mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mẹ́nu bà á, wọ́n á ní "ẹni yẹn". Délégé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí ajá, ó ní, "Ìyá, ta ló ni ajá yìí?" bí ẹni pé kò mọ̀.

Ìyá àgbà ní, "Àmánà ni."

"Àmánà ta?"

"Ẹni tó fi sílẹ̀ mọ ara rẹ̀, Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́n."

Délégé wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá, ìgbà yìí kò rọrùn. Ẹni tó bá ń bọ́ ajá ènìyàn, wọ́n lè ní ó ń bọ́ ènìyàn náà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un kúrò. Àwọn kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè."

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, bí ẹni tó ni ín bá dé tó bi mí, ṣé ìwọ lo máa bá mi dáhùn?" Délégé kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gbàgbé láti fi kámárádì kún un.

Bí ajá ṣe gba orúkọ tuntun nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni ìyá àgbà ń dá lóhùn pé "Àmánà ni", ajá sì ń gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di pé bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́, etí rẹ̀ á dìde, ìrù rẹ̀ á máa lu ilẹ̀. Ìyá àgbà kọ́kọ́ bínú, ó ní òun ò sọ ajá lórúkọ. Nígbà tó yá òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó bá pe orúkọ náà, ara rẹ̀ ló ń rán létí pé ajá yìí kì í ṣe tòun.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí ìfẹ́ wọlé. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo kàn rí i pé igi gígùn tó fi ń ti àwo ń kúrú sí i ni. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àpò ọkà kan wà níbi tí ajá ń sùn. Ní ọyẹ́ kejì, ìró aṣọ àdìrẹ kan wà lórí àpò náà, èyí tí mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ ìyá àgbà láti ìgbà pípẹ́. Mo bi í léèrè, ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé e débẹ̀. Bí a bá ti Titirou dé, ajá á pàdé wa lójú ọ̀nà, á máa rìn lọ́ọ̀ọ́kán, á sì dúró gbọnin tó bá dé ibi ìlà. Ìyá àgbà á jókòó sí òdìkejì, á máa ròyìn ọjà fún un: ẹni tó rà, ẹni tó yọwó tí kò rà, ẹni tó kí i àti ẹni tó gbójú sá. Lẹ́yìn náà á wá sọ gbólóhùn kan tó máa ń fi parí rẹ̀, "Àmánà, olówó rẹ kò tíì dé o." Obìnrin tí kì í fún mi ní wàgáṣì lásán, ẹni tó máa ń sọ pé ọjà kì í ṣe oúnjẹ, mo fi ojú mi rí i tó ń gé etí wàgáṣì fún ajá, àní ó fẹ́ ẹ kó tutù kó tó jù ú. Mo jowú. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ jókòó ti ajá náà láti mọ ohun tó fi jù mí lọ. Ibẹ̀ ni èmi náà ti di tirẹ̀.

Nígbà kan ibà dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Ajá ò fẹnu kan oúnjẹ, kò sì kọjá ìlà, ó kàn nà gbalaja síbẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá. Nínú ibà yẹn, ohun tí ìyá àgbà ń béèrè ni bóyá Àmánà ti jẹun. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀ ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mi ò gbàgbé. Ó ní, "Bí mo bá kírun tán, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó dá ọmọ yẹn padà fún ìyá rẹ̀. Bí mo bá ti ṣe àmín tán, àyà mi á já. Mo fẹ́ kó dé, ọmọ mi, mo sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tó máa dé."

Ọjọ́ náà dé. Mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà yẹn. Ó ti rẹ ìjọba fúnra rẹ̀, owó oṣù kì í wọlé mọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń kígbe kámárádì tẹ́lẹ̀ ti ń sọ ọ́ sínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọkùnrin kan wọlé wá, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ibẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti hu ewú láìtọ́jọ́. Ìyá àgbà kò bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ó bu omi fún un, ó fún un ní wàgáṣì, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ tó ti bá a pa mọ́ jáde. Mẹ́tìrì ní òun ò ní pẹ́, pé ọkọ̀ Ìdàáṣà ń dúró de òun ní gáréèjì, ìyá òun kò sì tíì mọ̀ pé òun wà láàyè.

Ajá kò sí ní ìtòsí. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń lé alángbá. Mẹ́tìrì nu ẹnu, ó ní, "Ìyá, ti ajá yẹn, ẹ má jẹ́ kó wà lọ́kàn yín. Mo mọ irú ilé tí mo fi í sí. Ìdààmú ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, bó bá sọ nù, mi ò ní bi yín."

Mo wo ìyá àgbà. Òun náà wò mí. Kò sí ohun tó kù ju pé kó dákẹ́. Ọkùnrin náà ti dárí jì í kó tó ṣẹ̀, ọkọ̀ ń dúró dè é, Ìdàáṣà sì jìnnà. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ajá má gbó. Ìyá àgbà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó dìde, ó pè é sókè ju bó ṣe máa ń pè é lọ, "Àmánà!"

Ajá yọ lẹ́yìn ilé, ó sì dúró síbi ìlà, bẹ́ẹ̀ òjò ti pa ìlà náà rẹ́ láti ọdún pípẹ́. Mẹ́tìrì dìde. Ó ní, "Fọwọ́lẹ́rán." Etí ajá mira, àmọ́ ìyá àgbà ló kọjú sí. Ìyá àgbà ní, "Olówó rẹ nìyẹn. Lọ bá a." Ó lọ, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn ṣòkòtò, nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ọwọ́, irú igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mẹ́tìrì kúnlẹ̀, ó fi ojú pa mọ́ sára ajá. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá, ó ti di tiyín. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín gbé."

Ìyá àgbà wo ọwọ́ mẹ́tìrì tó dì mọ́ ọrùn ajá. Ó ní, "Rárá. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbí ti parí. Ìwọ ló kù tí yóò máa ṣọ́."

Ó wá rìn kọjá ibi tí ìlà wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ pupa lé orí ajá náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa. Kò yára gbé e kúrò. Ó ní, "Kì í jẹ ata o. Ọyẹ́ máa ń mú un, aṣọ àdìrẹ yẹn ni kí o máa tẹ́ fún un." Wọ́n lọ. Ajá bojú wẹ̀yìn ní orígun, lẹ́yìn náà a ò rí wọn mọ́.

Ìyá àgbà padà jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mo ti bu omi kún bútà, mo bu erùpẹ̀ tó mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ náà lé itan, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Mo sún omi mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá àgbà, ọwọ́ yín." Ó ní, "Mo mọ̀." Kò sì fọ̀ ọ́. Ó jókòó báyẹn, ó ń wo ọwọ́, títí ládàánì fi pe ìrun àlàásárì. Ìgbà náà ló tó bu erùpẹ̀, tó da omi, tó fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ojú fífọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà ti kú. Mẹ́tìrì wá síbi àdúrà rẹ̀, òun náà ti di arúgbó díẹ̀, ó sọ fún mi pé ajá náà kò jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́ títí ó fi kú, pé òun náà ń pè é ní Àmánà ni. Banikanni, àdúgbò mìíràn ní Parakou, ni mo ń gbé báyìí, ọmọ mi ọkùnrin sì ti gbé ajá kan wá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Kútọnu. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń bá a jẹ búrẹ́dì, ayé ti yí padà láìjẹ́ pé a na ìkúùkù. Èmi ṣì ń kírun mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó, ajá náà á wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, n ó gbé ọwọ́ lé e. Bútà á wà ní ẹ̀gbẹ́ mi, omi á ti kún inú rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, n ó sì ṣe é. Àmọ́ mo máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ díẹ̀ kí n tó da omi sí i.